Òwú Ẹyọ Kan

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí sí Ọ̀gá Ìṣirò. Èmi kọ́ ni mo fún ara mi lórúkọ náà o, ṣùgbọ́n n kò bínú sí ẹni tó fún mi. Irun ni mo ń gẹ̀ jẹun. Bí oníbàárà bá jókòó sórí àga mi tó ń ronú iye táìlì tí yóò ká yàrá rẹ̀, kí ó tó yọ fóònù jáde, mo ti sọ ọ́ fún un, kílípà ò sì ní dúró lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí mo ṣe mọ ìṣirò tó yìí, ó yẹ kí n mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná, kí ẹ wá sọ bóyá irọ́ ló ń pa.

Ọkàn Màámi kì í lù bó ṣe yẹ. Dókítà fún wọn ní oògùn kan, ẹyọ kan ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ: aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán, aago mẹ́wàá alẹ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fo ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀yìnkùlé la ti lọ gbé wọn nílẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n sì lò ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n dé, ẹ̀rù bà wọ́n débi pé wọ́n lo méjì pọ̀, a tún sáré gbé wọn padà. Dókítà wo ojú mi kòrókòró, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n fò ó, má sì jẹ́ kí wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀mejì." Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ara mi di aago wọn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin ṣọ́ọ̀bù mi àti yàrá wọn. Bí agogo ìrántí bá ti dún lórí fóònù mi, mo máa kígbe sí ògiri náà pé, "Màámi, oògùn o!" Wọ́n á dáhùn láti orí àga tí wọ́n ti ń hun fìlà pé, "Mo gbọ́, ọkọ mi." Fìlà òwú ti ọmọ ọwọ́ ni iṣẹ́ wọn, ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń hun ún tà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní òkè òkun ló bímọ, ó sì fẹ́ kí Màámi wá bá òun tọ́jú ọmọ. Òun ló ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó ní, "Pè mí ká jọ wo aago rẹ̀ o, ó máa ń da èèyàn láàmú." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Èmi? Kí aago da èmi láàmú? Mo wo tíkẹ́ẹ̀tì náà: bàálù á gbéra láago méje àárọ̀, á balẹ̀ láago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀, ọjọ́ kan náà. Mo yọ méje kúrò nínú mẹ́wàá. Wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú, ó tán. N kò pe ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tí Màámi ń di ẹrù, wọ́n kó òwú mẹ́fà sínú àpò ọwọ́ wọn. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Màámi, kí lẹ fẹ́ fi mẹ́fà ṣe? Fìlà kan ń gbà yín ní wákàtí mẹ́ta, àbí kò rí bẹ́ẹ̀? Ìrìnàjò yìí náà ò ju wákàtí mẹ́ta lọ. Òwú ẹyọ kan ti tó. Ẹ kó ìyókù sínú àpótí ńlá."

Wọ́n wò mí. "Gbogbo bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó yẹn, wákàtí mẹ́ta?"

"Bàálù ni, Màámi, kì í ṣe kẹ̀kẹ́."

"Bó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n kó márùn-ún sínú àpótí, wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ oníke wọn tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀.

Màámi ò mọ̀wé kà. Torí náà, mo kọ ìwé kan tí wọ́n máa fún àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù. Bírò pupa ni mo fi kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: Ó LO OÒGÙN LÁAGO MẸ́FÀ ÀÁRỌ̀. KÒ GBỌDỌ̀ LO ÒMÍRÀN TÍTÍ AAGO MÉJÌ Ọ̀SÁN. BÓ TILẸ̀ BẸ̀ YÍN, Ẹ MÁ GBÀ. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn. Mo kà á sí Màámi létí, mo tún un kà sí ìyàwó mi létí. Inú mi dùn sí ìwé náà gan-an ni.

Sátidé ni wọ́n lọ. Mo sìn wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn tí ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì kì í kọjá ní pápákọ̀ òfurufú. Láago mẹ́fà géérégé, mo pè wọ́n lórí fóònù, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé omi mì. Láago méje, bàálù gbéra. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí aago ara ògiri lu mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo gbé kílípà sílẹ̀, mo ní, "Màámi ti balẹ̀!" Àwọn tó ń dúró de àyè pàtẹ́wọ́ fún mi bí ẹni pé èmi ni mo wa bàálù náà. Mo dúró kí fóònù dún. Kò dún. Mo gẹ orí kan, kò dún. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, Wẹ́dà tó ń jó irin ní òdìkejì ọ̀nà ló wà lórí àga mi, mo sì ti gẹ ìdajì orí rẹ̀ nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Màámi ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ta nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ wúwo, ojú oorun ni mo ti jí i. "Kí ló dé? Aago mẹ́ta òru nìyí!"

"Òru báwo? Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni."

"Lọ́dọ̀ tìẹ nìyẹn."

"Bàálù Màámi ńkọ́?"

"Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n máa balẹ̀, o ò rí i lára tíkẹ́ẹ̀tì ni?"

"Aago mẹ́wàá ti kọjá!"

"Ó ti kọjá níbo?"

Mo ní, "Ṣé mẹ́wàá ti àná ni, àbí ti òní?"

"Òní wo?" Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. "Wò ó, lọ gẹ irun ẹ, kí n rí oorun sùn." Ó pa fóònù.

Mo dúró sí àárín ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́kànlá ni níbí, mẹ́ta ni níbẹ̀. Màámi kúrò níbí láago méje. Bó bá wá jẹ́ mẹ́ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù níbẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti gbéra kí wọ́n tó... kí wọ́n tó kí ni? Ṣé ẹ̀yìn ni bàálù náà ń fò lọ ni? Mo yọ mẹ́ta kúrò nínú méje. Mo yọ méje kúrò nínú mọ́kànlá. Mẹ́rin ni mo ń rí nígbà méjèèjì, mẹ́rin náà ò sì bá nǹkan kan mu.

"Ọ̀gá Ìṣirò," Wẹ́dà ní, "ìdajì orí mi ṣì wà níbí o."

Tíṣà ló gbà mí. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé ẹ̀yìn ilé wa, ó sì ti ń dúró de àyè látàárọ̀. Ó béèrè ibi tí Màámi ń lọ, ó tẹ nǹkan sórí fóònù rẹ̀, ó ní, "Láti pápákọ̀ tibí dé tọ̀hún, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kìlómítà ni, ó lé díẹ̀. Bàálù kì í fi bẹ́ẹ̀ sá ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún lọ ní wákàtí kan. Ẹ̀yin tí a mọ̀ sí Ìṣirò, ẹ pín in."

Mo pín in. Ó lé ní wákàtí mọ́kànlá. Mo tún un pín.

"Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ní wákàtí mẹ́ta!"

"Tíkẹ́ẹ̀tì ò sọ mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ sọ mẹ́ta." Ó dìde, ó gbá orí Wẹ́dà mú, ó tan iná fóònù rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ wò ó. Iná yìí ni oòrùn. Etí òsì ni àwa, etí ọ̀tún lọ́hùn-ún ni wọ́n." Ó yí àga mi díẹ̀díẹ̀. "Kí ilẹ̀ tó mọ́ bá etí ọ̀tún, etí òsì ti fẹ́ẹ̀ jẹun ọ̀sán tán. Aago tí wọ́n kọ sí ibi tí bàálù ti gbéra, aago tiwa ni. Aago tí wọ́n kọ sí ibi tó máa balẹ̀, aago tiwọn ni. Wákàtí mẹ́jọ ni tiwọn fi wà lẹ́yìn tiwa."

"Ṣé orí mi lẹ wá sọ di ayé?" Wẹ́dà béèrè. "Ẹ kúkú gẹ apá kejì kí ayé lè gún."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Ìwé pupa.

"Tíṣà, bí aago bá lu méjì ọ̀sán níbẹ̀, aago mélòó ni níbí?"

"Mẹ́wàá alẹ́."

"Nínú bàálù ńkọ́? Aago ibo ni wọ́n máa ń lò?"

"Ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wọn, aago ibi tí wọ́n ń lọ ni wọ́n sábà máa ń sọ fúnni."

Láti mẹ́fà àárọ̀ wa sí mẹ́wàá alẹ́ wa. Mo fi ìka kà á, èmi tí n kì í fi ìka ka nǹkan. Wákàtí mẹ́rìndínlógún láàrin oògùn kan àti èkejì. Màámi tí wọ́n fo ẹyọ kan tí a lọ gbé nílẹ̀! Èmi ni mo sì kọ ọ́ sílẹ̀, èmi ni mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, pé bí wọ́n tilẹ̀ bẹ̀, kí wọ́n má gbà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin irun tí mo gẹ̀.

Mo pe ilé-iṣẹ́ bàálù. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù ní bàálù ti wà lókè, pé òun á kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Mo ní kó bá mi sọ fún wọn kí wọ́n fún ìyá mi lóògùn láago méjì. Ó ní, "Aago méjì ibo, ọ̀gá?" Mo ní ti ibí. Ó ní, "Ibo nibí?" Mo jágbe mọ́ ọn, mo tún bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ti pa fóònù rẹ̀. Mo wá fi ohùn ránṣẹ́ sí i pé bó bá ti jí, kó gbé ọkọ̀ ọsibítù lọ pàdé Màámi, kó má béèrè ìdí. N kò dárúkọ ìwé náà. Ojú tì mí.

Láago méjì ọ̀sán, agogo ìrántí dún lórí fóònù mi. Ẹnu mi ò dúró gbọ́ ti ọkàn mi, mo ti kígbe sí ògiri pé, "Màámi, oògùn o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyàwó mi ló sáré jáde láti inú ilé. "Ta lẹ ń pè?" Nígbà tó rí ojú mi, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó tì mí. Wẹ́dà ti lọ sílé pẹ̀lú orí tí apá kan rẹ̀ ga ju èkejì lọ, mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí wàhálà, òun á dé fìlà.

N kò lè sọ fún yín bí mo ṣe lo wákàtí márùn-ún tó tẹ̀ lé e. Mo gbé aago kúrò lára ògiri, mo da ojú rẹ̀ dé. Mo tún gbé e kọ́. Mo ń bi ara mi pé aago mélòó ni níbi tí Màámi wà báyìí, n kò sì rí èsì, torí wọn ò sí níbí, wọn ò sí níbẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ tí Tíṣà ní ó wà láàrin wa, ta ló kó o pamọ́? Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń kó o padà fún èèyàn nígbà tó bá ń bọ̀, kí ni Màámi fẹ́ fi ṣe títí di ìgbà náà? Ìyàwó mi ní kí n jẹun. Mo ní oúnjẹ ọ̀sán ni àbí ti àárọ̀. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú, kò sì jìnnà sí òtítọ́.

Aago méje alẹ́ kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Ohùn Màámi ni.

"Ọkọ mi, kí ló ṣe ẹ́? Ẹ̀gbọ́n ẹ gbé ọkọ̀ ọsibítù wá pàdé mi, ojú tì mí láàrin èrò."

"Màámi, ṣé ẹ lo oògùn?"

"Mo lò ó."

"Láago mélòó?"

"Èwo nínú àwọn aago yẹn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Bí bàálù ṣe gbéra ni mo bẹ̀rẹ̀ fìlà ọmọ. Mo hun ún tán, mo ní a ti dé nìyẹn. Mo yọjú wo ìta, ìkùukùu ni. Mo bi ọmọbìnrin kan tó gbọ́ Yorùbá, tó ń gbé omi fún wa, ó ní ó kù. Òwú ò sì sí mọ́, o ti ní kí n kó ìyókù sínú àpótí. Mo bá tú fìlà náà. Mo tún un hun. Mo hun ún tán, a ò tíì dé, mo tún tú u. Nígbà tí mo hun àtàrí fìlà ẹlẹ́ẹ̀kẹta tán, mo mọ̀ pé oògùn ti tó."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Báwo ni n ò ṣe ní mọ̀? Fìlà méjì àtààbọ̀, ó lé díẹ̀, ló máa ń wà láàrin ẹyọ kan àti èkejì. Mo ka àkókò tí mo fi jókòó dúró kí wọ́n tó gbéra mọ́ ọn. Nílé níbẹ̀ yẹn, kí o tó pariwo láti ṣọ́ọ̀bù, mo ti gbé ife omi dání."

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń pe ara mi ní aago wọn!

"Mo pe ọmọbìnrin náà kó bu omi fún mi," Màámi ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ó wo ìwé ẹ, ó ní, 'Màmá, aago mẹ́fà àárọ̀ ni báyìí, aago méjì ni wọ́n kọ síbí.' Mo ní mẹ́fà kẹ̀? Mẹ́fà ni mo lo ti àkọ́kọ́! Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú o. Aago ní a ò tíì kúrò lójú kan. Mo wo oòrùn, oòrùn ní àárọ̀ ṣì ni. Ìwé ẹ ní kí n má lò ó. Ọwọ́ mi nìkan ló ń sọ tiẹ̀ lọ́tọ̀."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní, 'Ọmọ mi ló kọ ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ìṣirò tó o. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló jókòó sínú bàálù.' Ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi fún mi."

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Inú ń bí i. "Gbọ́, ṣé o kọ ìwé kankan fún Màámi nípa oògùn? Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí i, wọ́n ní kò sí ìwé."

Kí n tó la ẹnu, mo gbọ́ Màámi lẹ́yìn rẹ̀. "Mo ti ní kò sí ìwé. Lọ wo ọmọ ẹ tó ń ké, gbé fóònù yẹn fún mi."

Wọ́n dúró títí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi fi jìnnà, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo tú fìlà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ká ìwé ẹ, mo sì we òwú mọ́ ọn kó má baà lọ́ pọ̀. Ìkẹrin ò tíì parí tí a fi balẹ̀, torí náà òwú ṣì bò ó. Bí mo bá hun ún tán, n ó ya á. Ẹ̀gbọ́n ẹ ò ní rí i."

Mo sunkún. Ìyàwó mi ń wò mí, n kò sì fi pamọ́.

"Dákẹ́, ọkọ mi. Aago méjì tó o kọ yẹn náà ò parọ́. Wọ́n ní mọ́kànlá àárọ̀ ló lù níbí. Bó bá lu méjì, mo máa lo òmíràn, á bọ́ sí àsìkò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó kàn pẹ́ kó tó dé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń padà bọ̀, jọ̀ọ́, má kọ nǹkan kan fún mi. Iye òwú tí mo máa gbé dání ni kó o sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Mélòó ni, Màámi?"

"Ṣé ìwọ kọ́ ni Ìṣirò ni?"

Nígbà tí wọ́n pa fóònù, mo ṣí tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ wọn wò. Á gbéra níbẹ̀ láago kan ọ̀sán, á balẹ̀ níbí láago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí n tó mọ̀, orí mi ti ṣe é tán: wákàtí mọ́kàndínlógún àti ogún ìṣẹ́jú, òwú méje. Mo pa tíkẹ́ẹ̀tì náà dé. Mo kọjá sínú yàrá Màámi, mo jókòó sórí àga wọn lẹ́bàá ògiri, mo pe ẹ̀gbọ́n mi padà.

"Kí ló tún dé?" ó béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ Màámi ni. Ẹ jẹ́ ká jọ wo aago rẹ̀. Ó ń dà mí láàmú."